Ẹ Má Tíì Ra Workstation fún Ọmọ Yẹn

Ní ìparí ọdún tó kọjá, ìyá kan tí a jọ ń gbé ní àdúgbò kan náà ní Ìgàndò kó àjọ. Màmá Aláta ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún kan gbáko ló fi dá àjọ yẹn, láti inú ata àti tòmátì tó ń tà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní SS1, ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wọn lọ́nà Ìkòtún, ó sì mọ̀ ọ́n tẹ̀ débi pé àwọn àgbà ìjọ ti ń pè é ní Maestro. Màmá ní òun fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù gidi fún un. Wọ́n ti sọ fún un ní ìjọ pé workstation ni kó rà, irú èyí tí àwọn tó ń bá olórin ńlá káàkiri ń lò, àti pé tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, owó rẹ̀ kò ní ga jù. Ó lọ, ó rà á. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n gbé e délé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. NEPA mú iná wá, inú gbogbo ilé dùn, ọmọ ki wáyà bọ ara ògiri. Kò pẹ́ tí òórùn nǹkan jíjó fi gba yàrá kan.

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà wínníwínní: 120V. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń lo irú iná bẹ́ẹ̀. Iná tiwa níbí, 230 ni, lọ́jọ́ tó bá ṣe dáadáa. Ẹni tó ta ẹ̀rọ kò sọ, Màmá kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun bèèrè, àwa tí à ń pera wa ní ọmọ yunifásítì kò sì sí nílé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Àwa mẹ́ta la jọ kọ èyí: ọ̀kan ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ọ̀kan ń kọrin, ẹnì kẹta kàn fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé iná nìkan kọ́ ni àṣìṣe tó wà níbẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ yẹn kò jó, a ṣì máa sọ pé kò tíì yẹ ní rírà. Ọmọ tó ń kọ́ orin ní Alímọ̀ṣọ́ nílò kíbọ́ọ̀dù kékeré tí yóò jẹ́ tirẹ̀, tí yóò wà nínú yàrá rẹ̀, tí yóò lè tẹ̀ lóru. Workstation ń bọ̀ lẹ́yìn, nígbà tó bá ti ní orin tirẹ̀ tó fẹ́ fi kọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé workstation kàn ni orúkọ kíbọ́ọ̀dù tó bá gùn tó sì wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odidi ilé iṣẹ́ orin ni. Ohùn oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, èèyàn lè tún ohùn kan ṣe títí yóò fi di ohùn mìíràn, sequencer tó ń gba ohun tí ẹ bá tẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele-ìpele sì wà pẹ̀lú. Ẹ lè tẹ báàsì sí ìpele kìíní, kí ẹ tẹ ìlù sí ìkejì, kí ẹ wá fi fèrè lé e, títí ẹnì kan ṣoṣo yóò fi dún bí ẹgbẹ́ olórin. Korg M1, tó jáde ní 1988, wà lára àwọn tó sọ irú ẹ̀rọ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Ojú ìtẹ̀ 61 ló ní, funfun àti dúdú, sequencer rẹ̀ sì ní ìpele mẹ́jọ. Triton ti ilé iṣẹ́ kan náà dé ní 1999, Yamaha gbé Motif jáde ní 2001. Motif yìí lorúkọ tó wà lẹ́nu àwọn olórin ìjọ ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìdímù. Àwọn mìíràn ń pe workstation yòówù ní Motif, bí àwọn ìyá wa ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo.

Ọ̀tọ̀ ni arranger, irú Yamaha PSR tàbí Korg Pa. Òun ló ní style: ẹ tẹ kọ́ọ̀dù kan lọ́wọ́ òsì, ẹ̀rọ á fi ìlù, báàsì àti gìtá gbè é. Arranger sábà máa ń ní sípíkà nínú. Ọ̀pọ̀ workstation kò ní. Ohun tí wọn kì í sọ fún òbí nìyẹn: wọ́n á gbé e délé tán, wọ́n á tàn án, kò ní dún, àfi kí wọ́n tún lọ wá owó headphone tàbí ti sípíkà.

Kí ló wá dé tí gbogbo èèyàn fi ń lé workstation? Ìjọ ni. Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èèyàn pọ̀ sí jù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 1,200,000 níbẹ̀. Bí ẹ bá rìn láti ọjà Ìkòtún dé Ìjẹ̀gùn lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ka iye ibi tí ẹ ti gbọ́ kíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó débẹ̀. Gbogbo ìjọ wọ̀nyẹn ló ń wá ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó mọ kọ́ọ̀dù mẹ́rin ti di òṣìṣẹ́. Owó ọkọ̀ ni wọ́n á máa fún un, àti ìyìn, àti ìrẹsì lọ́jọ́ ìkórè. Àwọn tó ń wò ó wá rò pé bí ẹ̀rọ bá ṣe tóbi tó ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe tóbi tó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbésí ayé ọmọ náà láàrin ọ̀sẹ̀. Inú yàrá ìjọ ni wọ́n ti kíbọ́ọ̀dù mọ́. Ó ń fojú rí i lọ́jọ́ Àìkú, lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì, àti lọ́jọ́ ìdánrawò bí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ bá tètè dé. Ìyókù ọ̀sẹ̀, orí tábìlì ló ń ta ìka sí. Bí gbólóhùn asọ̀ bá sì bẹ́ sílẹ̀ láàrin òun àti olórí ẹgbẹ́ akọrin, iṣẹ́ orin parí nìyẹn, torí kò ní nǹkan kan nílé. A mọ méjì tó ti ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀kan ń wa kẹ̀kẹ́ báyìí.

Ọmọ Àyàn kì í ti orí ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Omele tàbí gúdúgúdú ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ bí a ṣe ń dúró sójú ìlù kan láìyẹsẹ̀ nígbà tí ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ lókè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i bí ìyà, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé bàbá rẹ̀ ahun ni. Inú ilé tirẹ̀ ni gúdúgúdú yẹn wà, kò sí ní ọ̀dọ̀ ẹnì kankan tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú kíbọ́ọ̀dù wo wá ni gúdúgúdú? Ojú ìtẹ̀ 61 tó, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìwọ̀n gidi, kì í ṣe wẹ́wẹ́ bíi ti ọmọdé. Kó mọ ìyàtọ̀ láàrin ọwọ́ líle àti ọwọ́ rírọ̀: bí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, kó rọra dún, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kíkan, kó ké. Èyí ṣe pàtàkì ju iye ohùn tó wà nínú rẹ̀ lọ, torí ọwọ́ tó bá dàgbà lórí ẹ̀rọ tó ń dún bákan náà nígbà gbogbo kò ní mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́. Yamaha PSR-F51, tó wọ́pọ̀ nítorí pé owó rẹ̀ kéré, kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. PSR-E373 mọ̀ ọ́n, ó ní ihò fún pẹ́dà tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó ní ihò headphone, ẹ sì lè fi bátìrì kéékèèké mẹ́fà lò ó. Ẹni tó bá ń gbé Ìgàndò mọ ohun tí bátìrì túmọ̀ sí. Ẹni tó bá ń gbé ilé face-me-I-face-you sì mọ ohun tí headphone túmọ̀ sí: aago mọ́kànlá alẹ́, ọmọ lè ṣeré tirẹ̀, kí bàbá yàrá kejì má ba gbá ìlẹ̀kùn.

Bí ẹ bá sì ti pinnu pé tòkunbọ̀ lẹ máa rà, yálà kékeré tàbí ńlá, ẹ má ṣe yára. Láti Ìgàndò, ẹ wọ ọkọ̀ Ìyànà-Ìbà, kí ẹ tún wọ èyí tó ń lọ Àlàbá. Ẹ tètè lọ, kí oòrùn má lé yín kúrò nínú ìṣọ̀ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ 100V, Japan ló ti wá, 120V, Amẹ́ríkà. Èyí tó bá ń lo adaptor tó dá dúró kò le: ẹ wá adaptor tó bá iná wa mu, tí ìwọ̀n iná tó ń gbé jáde sì bá ohun tí wọ́n kọ sí ara kíbọ́ọ̀dù dọ́gba. Èyí tí wáyà rẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ tààrà, tí kò gbà ju 120 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ra transformer tó ń dín iná kù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ gbogbo ojú ìtẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ná, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ kíkan. Èyí tó bá ń ké gbàù bí ẹ tiẹ̀ rọra fọwọ́ kàn án, ìdọ̀tí tàbí ọrinrin ti wọ abẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ki headphone bọ̀ ọ́, kí ẹ gbọ́ apá òsì àti apá ọ̀tún. Ẹ pa á, kí ẹ tún tàn án. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa yára, pé oníbàárà mìíràn ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí oníbàárà yẹn rà á.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ óò ti máa bèèrè pé kí ló kan àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá nínú gbogbo èyí. Ó kàn wá gan-an ni, pàápàá lórí bọ́tìnì kan tí wọ́n ń pè ní transpose.

Iṣẹ́ bọ́tìnì yìí ni láti gbé gbogbo ohùn ẹ̀rọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ, kíì kan ṣoṣo ló mọ̀. Bí ẹni tó ń gbé orin bá bẹ̀rẹ̀ lókè, kò ní gbé ọwọ́ kúrò níbi tó wà. Bọ́tìnì ni yóò máa tẹ̀, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, títí yóò fi bá ohùn pàdé. Ó ń gbà á là, a kò jiyàn. Ohùn akọrin lè re lọ́jọ́ kan, kí wọ́n fẹ́ sọ orin kalẹ̀ díẹ̀, ọgbọ́n ni kí a lo bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ yìí lọ síwájú píánò onígi tí kò ní bọ́tìnì kankan, ẹ óò rí òógùn lójú rẹ̀. Tàbí kó gbàgbé láti dá a padà sí òdo kí orin tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la ti wà ní ìsìn tí èyí ti ṣẹlẹ̀.

Ohun tó dùn wá jù ni etí. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi dò-re-mí kọ́ wa ní ohùn Yorùbá: ìsàlẹ̀ ni dò, àárín ni re, òkè ni mí. Ọmọ Yorùbá ti ní orin lẹ́nu kó tó rí kíbọ́ọ̀dù rárá. Bí orin bá gbé ọ̀rọ̀ náà "igbá" sísàlẹ̀ níbi tó yẹ kó gùn, igbá tí ìyá gbé karí ti di igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Ẹni tí bọ́tìnì ń bá wá ohùn kò ní gbọ́ ọ.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. T. K. E. Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina láti 1914 sí 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú lórí bí orin ìjọ ṣe lè tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá dípò kó máa yí i po, ó sì tẹ ìwé lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́ dùùrù, kí ó tó di ẹni tó ń fi ohùn orin ilé wa kọ orin fún dùùrù, irú bí Oyígíyigì. Dùùrù àwọn bàbá wọ̀nyí kò ní bọ́tìnì tó ń bá èèyàn wá kíì. Etí wọn àti ìka wọn ni.

Nítorí náà, àbá wa fún ọmọ tó bá ní kíbọ́ọ̀dù kékeré nílé: fún oṣù mẹ́ta, kó ṣe bí ẹni pé transpose kò sí. Kó mú orin kan ṣoṣo tó mọ̀ dáadáa, kó tẹ̀ ẹ́ ní kíì kan lọ́sẹ̀ yìí, ní òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó pa style náà, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lu ilẹ̀. A mọ̀ pé style dùn. Ẹnì kan á fi fláàṣì kó àlùjó, wòrò àti highlife wá, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ìjọ á sì jó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń ṣeré nígbà yẹn. Ọmọ wa kàn ń yí kọ́ọ̀dù padà fún un ni.

Nígbà wo ni workstation wá yẹ? A kò kórìíra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ń fi ojú sọ́nà fún un fúnra rẹ̀. Ó yẹ lọ́jọ́ tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí kò sí nínú ẹ̀rọ tó ní. Kò sí ohùn gúdúgúdú nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Japan. Èyí tí wọ́n bá kọ "African" sí lára, ìlù ibòmíràn ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ní sequencer lè fi ìka ara rẹ̀ tẹ kónkóló agogo sí ìpele kìíní, kó to omele lé e, kó to báàsì sí abẹ́ rẹ̀. Kó kàn rántí pa ohun tí wọ́n ń pè ní quantize, tó máa ń to gbogbo ìlù gún régé bí ẹsẹ̀ ṣọ́jà. Ìlù wa kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ní apá òsì workstation, kẹ̀kẹ́ kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní pitch bend, tí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù kékeré kò ní. Ó ń jẹ́ kí ohùn yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, bí onílù ṣe ń fún okùn awọ ìyáàlù tí ohùn fi ń gun òkè. Ọmọ tó bá mọ ohùn èdè rẹ̀ yóò mọ ohun tó máa fi kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe. I. K. Dairo gbé akọ́díọ́nì òyìnbó sínú jùjú, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ tó rò pé orin òyìnbó ni.

Ẹnì kẹta wa, alárìíyànjiyàn, ní kí a kọ tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ó ní ọmọ tó bá ní ẹ̀bùn, ẹ̀rọ tó dára ni yóò fà á síwájú, àti pé ọmọ olówó ní Ìkòyí kò ní dúró gba gúdúgúdú kankan. Ó tún ní owó tó bá wà lọ́wọ́ lónìí lè má sí lọ́la, kí Màmá rà á nígbà tó rí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò rọrùn láti dá lóhùn. Ṣùgbọ́n àjọ ọdún kan tó wọ inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́, fún pẹ́dà, fún headphone, tàbí fún àtúnṣe. Owó workstation tòkunbọ̀ yẹn ìbá ra kíbọ́ọ̀dù kékeré tuntun, kó sì tún sanwó olùkọ́ fún oṣù bíi mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún àwọn ìjọ. Bí ọmọ kan bá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún méjì, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn ní ọ̀sán ọjọ́ méjì láàrin ọ̀sẹ̀. Kò ní ná yín ní nǹkan kan. Ẹ sì yé sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó lọ ra Motif.

Maestro wà. Atúnṣe kan ní òun lè jí ẹ̀rọ tó jó yẹn dìde, ó sọ iye kan, Màmá ní kó gbé e padà sínú báàgì rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa yá ọmọ náà ní kíbọ́ọ̀dù kékeré tó fi bẹ̀rẹ̀. Ojú ìtẹ̀ méjì kò dún mọ́ lára rẹ̀, ó sì ti mọ bí ó ṣe máa yẹra fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wọn. Kò lo headphone lọ́jọ́ yẹn. A dúró gbọ́. Orin ìjọ kọ́ ló ń tẹ̀: bí ìyá rẹ̀ ṣe ń polówó ata láràárọ̀ ló ń wá kiri lórí àwọn funfun àti dúdú yẹn, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Màmá sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ata, ó ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀ jàre. Gbé e sókè díẹ̀ sí i."